Gbèsè Tí Glasgow Jẹ Stronachlachar

Glasgow ni mò ń gbé. Omi adágún Loch Katrine ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ilé mi. Ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti hó dáadáa nínú rẹ̀. Nítòsí Stronachlachar, abúlé tí ilé rẹ̀ kò tó nǹkan, ni omi náà ti ń wọ ihò inú àpáta, tó sì ń ṣàn wá sílùú láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á. Ọbabìnrin Victoria ló ṣí iṣẹ́ omi yìí ní 1859. Wọ́n dí adágún náà kó lè kún sí i. Omi bo ilẹ̀ etí bèbè.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Síbẹ̀, ọ̀nà tóóró, tí mọ́tò kan gbọ́dọ̀ yà kí èkejì tó kọjá, ló dé abúlé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó omi wa, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi tún ọ̀nà náà ṣe.