Skọ́tílándì Ló Ni Wúrà, Íńgíláǹdì Ló Mọyì Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Àwọn aláṣẹ eré rọ́gbì ní Skọ́tílándì kò tilẹ̀ ta wúrà tiwọn. Ńṣe ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń wò ó títí tó fi di ohun àmúyangàn fún Íńgíláǹdì, alátakò wọn àtayébáyé. Jim Greenwood ni orúkọ wúrà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Dunfermline ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1928. Ìgbà 20 ló ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ láàárín 1952 sí 1959, ó sì ṣe balógun ikọ̀ náà. Ní 1955, ó bá ikọ̀ Lions, àṣàyàn ọmọ Britain àti Ireland, lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Kò sí ọ̀kan tí kò kópa nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n bá Springboks ṣe. Méjì-méjì ni ikọ̀ méjèèjì sì jẹ.

Àwọn aláṣẹ wọ̀nyí mọ ìyà àìkọ́ni pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1951, Gúúsù Áfíríkà nà wọ́n ní 44 sí òdo ní Murrayfield, nínú ilé ara wọn. Láti 1951 di 1955, ìgbà 17 ni wọ́n fìdí rẹmi léraléra kí wọ́n tó borí Wélsì. Síbẹ̀, wọ́n ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kò yẹ eré àwọn ọmọlúàbí tí kì í gbowó. Nígbà tí wọ́n yóò fi yan Bill Dickinson ní 1971, “olùdámọ̀ràn fún balógun ikọ̀” ni wọ́n pè é. Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n fẹ́ iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni ojú ń tì wọ́n láti pè.

Níbo ni Greenwood wà? Ó wà ní Loughborough, ní Íńgíláǹdì, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní 1978 ó tẹ ìwé Total Rugby jáde. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé gbogbo àwọn 15 tó wà lórí pápá gbọ́dọ̀ lè sáré, kí wọ́n lè fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, kí wọ́n sì lè fi ọpọlọ ara wọn pinnu ohun tó kàn. Clive Woodward wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 2003, Woodward kan náà ló kó Íńgíláǹdì lọ gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Àwọn kan yóò ní Skọ́tílándì ṣe é láìsí Greenwood, pé ní 1984 wọ́n borí gbogbo abánidíje wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ikọ̀ náà? Jim Telfer ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi. Láti 1925 ni wọn kò ti rí irú rẹ̀, ìyẹn ọdún 59 gbáko. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá tako ọ̀rọ̀ mi, èmi gan-an ló ń gbè lẹ́yìn.

Greenwood kú ní 2010. Ní 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn akọni eré rọ́gbì lágbàáyé. Èèyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Ère náà dára, ṣùgbọ́n ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nígbà tó ṣì lè dìde dúró lórí pápá, wọn kò sì gbé e fún un rí.