Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Àǹtí Kọ́ṣẹ́

Bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ di aránṣọ ní Ìbàdàn, àwọn òbí rẹ̀ kò ní kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n tì í sínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á wá ọ̀gá tó mọṣẹ́. Wọ́n á kọ ìwé àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, onídùúró á sì fọwọ́ sí i. Ọmọ náà á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á já òwú, á lẹ bọ́tìnnì, á máa fi bébà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ kí wọ́n tó gbé ojúlówó aṣọ oníbàárà fún un. Nígbà tó bá parí, wọ́n á ṣe fírídọ̀mù fún un. Á kúnlẹ̀, ọ̀gá á fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ẹgbẹ́ á gbàdúrà, ẹbí á se ìrẹsì, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á sì wọ inú gíláàsì, á dé ara ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ti onídìrí, bẹ́ẹ̀ ni ti mẹkáníìkì.

Ọmọbìnrin yìí kan náà, bó bá ní òun fẹ́ máa tọ́jú ọmọ oṣù mẹ́rin ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n á fún un ní yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n á máa pè é ní àǹtí, wọ́n á sì kó ọmọ mẹ́wàá síwájú rẹ̀.

Mo kọ èyí láti fi pe gbogbo ẹni tó bá ní ọmọ, tó bá ní ilé ìtọ́jú ọmọ, tó bá ní àṣẹ lọ́wọ́ ní àdúgbò tàbí ní ìjọba: ẹ jẹ́ ká sọ ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ di iṣẹ́ tí à ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó ní ìwé àdéhùn, tó ní onídùúró, tó ní fírídọ̀mù. Ètò náà ti wà nílẹ̀ wa láti ayébáyé. A ń lò ó fún aṣọ, fún irun, fún ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọmọ wa ni a kò tíì lò ó fún.

Ẹnìkan á ní, “Ta ni kò mọ ọmọ gbé? Ìyá ìyá mi kò kọ́ṣẹ́ kankan, ó sì tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án yè.” Màmá àgbà kọ́ṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méje tí wọ́n ti ń pọn àbúrò sí i lẹ́yìn. Ó jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ tuntun. Ó rí bí wọ́n ṣe ń fi ìgúnpá tọ́ omi wò kó má baà gbóná jù, bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ sábẹ́ ọrùn tí kò tíì le, bí wọ́n ṣe ń dá ẹkún ebi mọ̀ yàtọ̀ sí ẹkún inú rírun. Bó bá ṣì í ṣe, àgbàlagbà kan wà nítòsí tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò sì bá a wí. Inú agboolé ló ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ kó tó bí tirẹ̀. Àǹtí tòní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, lè má tíì gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ rí láyé rẹ̀. Ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan náà ni màmá àgbà ń tọ́, àwọn orogún àti ìyàwó ilé sì ń gbà á fún un. Àǹtí wa dá wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ mẹ́wàá, fèrèsé kan, àti tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ má sì jẹ́ ká máa dá àwọn ìyá lẹ́bi pé wọ́n tètè gbé ọmọ jáde. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó rẹ̀ ó kéré tán. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, òfin yìí kan náà fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ìbí kìíní àti èkejì láti 2014, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ló fún ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà ní ọ̀sẹ̀ kan péré? Bí kò bá tajà lónìí, kò sí oúnjẹ lọ́la. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ìjọba pàápàá, ọmọ ọdún márùn-ún ló ti ń nawọ́ gán. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fi ọdún kan tó ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sínú ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì fi àwọn tó wà láàárín ọjọ́ ìbí sí ọdún mẹ́rin sílẹ̀ fún aládàáni àti ẹ̀ka ìgbáyégbádùn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wa ń kọ́ni ní ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé fún ìwé ẹ̀rí NCE, ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Àmọ́ kíláàsì tó ní pátákó ìkọ̀wé ni ẹni tó bá gba NCE ń wá lọ, mi ò sì lè bá a wí. Yàrá àwọn ọmọ tó ń rákò ló ń ṣẹ́kù fún ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Kí ni ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí tó ń fẹ́ kíkọ́? Ẹ jẹ́ ká mú fífún ọmọ lóńjẹ nìkan. Rírọ ọmọ ṣì wà láàárín wa. Àǹtí á tẹ́ ọmọ sórí itan, orí rẹ̀ á wálẹ̀ sẹ́yìn. Á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe kòtò sẹ́nu ọmọ, á da ògì sínú rẹ̀, á sì dí i nímú díẹ̀. Ọmọ fẹ́ mí, ẹnu nìkan ló sì ṣí sílẹ̀, ó di dandan kó gbé e mì. Ife ògì á tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀, inú wa á dùn pé ọmọ jẹun. Ohun tí ojú kò rí ni pé bí ọmọ bá mí sínú lásìkò tí ògì kún ẹnu rẹ̀, ògì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì di òtútù àyà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á gbé ọmọ jókòó, á mú ṣíbí kékeré, á dúró kí ọmọ la ẹnu fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yó nìyẹn. Bí èyí bá gba ogún ìṣẹ́jú fún ọmọ kan, ti ọmọ mẹ́wàá á lé ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: àǹtí tó ń rọ ọmọ lè má jẹ́ ìkà rárá. Ó dá wà, ọmọ pọ̀, kò sì sẹ́ni tó fi ọ̀nà mìíràn hàn án.

Bí nǹkan bá há ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lọ́fun ńkọ́? Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á tún ti nǹkan náà wọlé sí i, tàbí kó máa sáré káàkiri pẹ̀lú igbe. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á da ojú ọmọ délẹ̀ sórí apá rẹ̀, orí ọmọ á rẹlẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ, á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá tíì jáde, á yí i padà, á tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á tún bẹ̀rẹ̀. A kò lè fi ẹnu lásán kọ́ni ní èyí. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lórí bèbí onírọ́bà, níwájú nọ́ọ̀sì, léraléra, títí tí kò fi ní máa ronú kó tó ṣe é.

Oorun náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀, láìsí ìrọ̀rí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde èyí fún àwọn òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991, ikú òjijì àwọn ọmọ ọwọ́ lójú oorun fi ju ìdajì lọ dínkù láàárín ọdún díẹ̀. Bí ìkéde lásán bá lè ṣe iṣẹ́ yẹn, mélòómélòó ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ gidi?

Oògùn sì ńkọ́? A kò gbọdọ̀ gbàgbé òpin ọdún 2008, nígbà tí májèlé wọ inú oògùn eyín tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, 84, ló kú. Àwọn tó po oògùn náà ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ó yẹ kó ti di òfin ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ tọ́jú pé àǹtí kò gbọdọ̀ fi omi oògùn kankan kan ẹnu ọmọ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ síwèé, kí wọ́n sì kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti àsìkò tí wọ́n lò ó sílẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ kí ilé lè parọ́rọ́. Ibi tí a bá ti ń kọ́ṣẹ́, èyí ni àkọ́kọ́ ohun tí ọ̀gá á fi lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ pé èèwọ̀ ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, fídíò kan jáde láti Ìkòròdú. Olùkọ́ kan ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta létí lórí pé kò mọ nọ́ńbà kọ. Gbogbo wa bínú, ó sì tọ́. Wọ́n gbé olùkọ́ náà lọ sí kóòtù. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gba àǹtí mìíràn sí ilé mìíràn láìbi í léèrè ohunkóhun. Bí ìbínú bá lè tọ́jú ọmọ, ọmọ wa ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu tipẹ́.

Àwọn ará wa tó wà lókè òkun mọ ohun tí mò ń sọ. Ní England, àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ mójú tó ju ọmọ mẹ́ta lọ bí wọn kò bá tíì pé ọdún méjì. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: á máa gba owó, á máa ṣiṣẹ́ nínú ilé ìtọ́jú ọmọ lábẹ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe, á máa kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á yẹ ìwé ọlọ́pàá rẹ̀ wò, wọ́n á sì kọ́ ọ ní ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé. Àwọn ọmọbìnrin tó ti Àkúrẹ́ àti Òṣogbo lọ ń ṣe é níbẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ tó wà ní Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn náà jẹ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbádùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtọ́jú ọmọ, ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tàbí méjì lọ́dún yìí. Ẹ kọ ìwé àdéhùn ọdún kan, kí onídùúró tí a mọ ilé rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má gba owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan pẹ̀lú ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé yóò wù yín láti kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́ kí ìnáwó lè fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ni ọ̀gá tí à ń wá. Ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò yín tó láti kọ́ àwọn àǹtí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ìgbà tí ibà kọjá ohun tí à ń fi omi nu.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ wá yàrá kan tó mọ́ nínú ọjà, kí ẹ sì fi díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ rán ọmọ méjì lọ kọ́ṣẹ́ náà. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìgbẹrun lọ́dọọdún. Ẹ fi ìtọ́jú ọmọ kún àwọn iṣẹ́ tí ẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní òǹtẹ̀ ìjọba.

Àwa òbí náà, owó kan wà tí a ní láti san. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Òfin kò mú ilé iṣẹ́ kékeré tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí àǹtí tó kọ́ṣẹ́ yanjú fi gbọ́dọ̀ gbà kéré sí i. Ohun tí à ń ná sórí aṣọ ẹbí ìsọmọlórúkọ kan, bí a bá pín in sórí oṣù méjìlá, ó lè gbé apá kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọn kò ní pàtẹ́wọ́ fún yín lójú títì nítorí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí kò nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ tó tú ọ̀já, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé ìtọ́jú ọmọ náà: ta ló kọ́ àǹtí yìí níṣẹ́? Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni onídùúró rẹ̀? Bí wọn kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má bínú sí àǹtí. Ẹ bá àwọn òbí tó kù sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ padà lọ bá onílé, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí wọn yóò kọ ìwé àdéhùn àkọ́kọ́.