Ta Ló Ni Ológbò Àdúgbò?



Bí ológbò bá ń pa eku ní ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì, gbogbo ọjà ló ni ín. Ọjọ́ tó bá ya ọmọ ẹnìkan lọ́wọ́, kò ní ẹni mọ́. Wọ́n á ní ó kàn ń rìn kiri ni.

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín tí a bá ní kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ ológbò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin, ti ka ìdarí ohun ọ̀sìn inú ilé, irú yòówù kó jẹ́, mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí a ṣe ń bi káńsẹ́lọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà, ká bi í léèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá àti ológbò pẹ̀lú.

Ajá la mọ̀ mọ́ àrùn dìgbòlugi, òun náà ló sì ń kó o ran ènìyàn jù, ṣùgbọ́n ológbò lè ní in. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Bí ológbò bá bu ènìyàn jẹ tàbí ó ya á, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ata tàbí epo sí i.

Kí aboyún má kó ìgbẹ́ ológbò. Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tó lè ba ojú àti ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Kí ẹlòmíràn máa kó o lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àjẹ́ ni ológbò, mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ èyí tí a ń sọ lókùúta ló ń búni jẹ.

Ní tèmi, kí ẹgbẹ́ onílé má dúró de káńsù. Ẹni tó bá ń fún ológbò lóúnjẹ, òun ló ni ín, kí ó fi ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ hàn. Láti oṣù mẹ́ta ni dókítà ẹran ti lè fún un. Bí owó bá wọ́n ọn lọ́wọ́, kí àwọn tí ológbò náà ń bá pa eku ní ṣọ́ọ̀bù dá a jọ. Kí ẹni tó fẹ́ lo májèlé eku sì sọ fún aládùúgbò ṣáájú, torí ológbò tó bá jẹ eku olóró lè kú.

Ọjọ́ 28 oṣù September ni àyájọ́ àrùn dìgbòlugi lágbàáyé. Kí ìwé ẹgbẹ́ wa ti dé káńsù kó tó dìgbà náà.