Kí apẹja tó wakọ̀ lọ, kó kọ́kọ́ wojú ọ̀run

Ẹni tó ń gbé ní Dàda Estate nílùú Òṣogbo lè rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kò kan òun, pé ti àwọn ará Èkó àti Ìlàjẹ ni. Àmọ́ Odò Ọ̀ṣun gba Òṣogbo kọjá lọ sí dáàmù Asejire, Odò Erinlẹ̀ náà sì ní dáàmù tirẹ̀. Àwọn apẹja tó ń dẹ àwọ̀n nínú ọkọ̀ onígi kékeré wà níbẹ̀.

Lọ́dọọdún, àjọ NiMet máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí, àjọ NIHSA náà a sì máa dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omíyalé lè dé. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ fún odidi oṣù kò lè sọ fún apẹja pé ìjì ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ìjì tó ń ṣáájú òjò nílẹ̀ Yorùbá sábà máa ń wá láti ìlà-oòrùn. Bí ibẹ̀ bá ti ṣú, kí apẹja má dúró de ẹja kan sí i. Bí àrá bá ń sán, kó yáa gúnlẹ̀, torí lójú omi gbalasa, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ga jù. Àwọn onímọ̀ ní kó pé 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kéèyàn tó padà.

Òjò tó rọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà lè mú kí Odò Ọ̀ṣun kún nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀kán òjò kan bọ́ síbẹ̀. Omi tó kún á sì bo kùkùté tí apẹja ń rí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, èèyàn tó lé ní 100 ló kú lágbègbè Patigi, ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó wọn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lóru. Ìròyìn ní igi abẹ́ omi ló kọ lù. Wọn kì í ṣe apẹja, àmọ́ igi kò mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yìn jàm̀bá nìkan ni wọ́n á máa pín láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sì ní in, kó wọ̀ ọ́, kó má fi ṣe ìjókòó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kó di ọkọ̀ náà mú. Kó tó kúrò nílé, kó sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa dé.

Ẹja á ṣì wà lódò lọ́la. Kí apẹja náà ṣáà wà láyé lọ́la.