Kvas Kì í Ṣe Bíà Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe kvas, ohun mímu kíkan tí wọ́n ń fi búrẹ́dì ṣe, ní "bíà àwọn ará Rọ́ṣíà," irọ́ méjì lẹ dì sínú ẹrù kan.

Ẹ jẹ́ ká tú èyí tó wúwo jù. Kí Rọ́ṣíà tó ní orúkọ ni àwọn Slav ti ń pe ohun tó kan, ohun tó ń mú ìyẹ̀fun wú, ní kvas. Ẹ béèrè kvas lọ́wọ́ ará Slovenia: ìwúkàrà ni yóò gbé fún yín. Ará Ṣẹ́ẹ̀kì a máa pe ìyẹ̀fun kíkan tó fi ń wú búrẹ́dì ní kvásek. Ní Póláǹdì ńkọ́? Ásíìdì ni kwas níbẹ̀, àní èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò pàápàá! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ kwas chlebowy, kíkan oníbúrẹ́dì, bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n.

Ẹnìkan á ní ṣebí ìwé ìtàn Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ìwé wo? Kyiv, olú-ìlú Ukraine òde òní, ni wọ́n ti kọ ìwé náà. Lábẹ́ ọdún 996 ló ti sọ pé Ọba Vladimir ti Kyiv ní kí wọ́n di búrẹ́dì, ẹran, ẹja àti èso sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, pẹ̀lú àgbá ọtí oyin àti àgbá kvas, kí wọ́n máa gbé e kiri ìgboro fún aláìsàn àti tálákà tí kò lè dé ààfin.

Ti bíà kò gùn. Búrẹ́dì ráì gbígbẹ ni wọ́n ń da omi gbígbóná sí. Bó bá tutù, wọ́n á fi ṣúgà àti ìwúkàrà sí i, ó di ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọtí díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ kò gbà kó ju ìdá 1.2 nínú 100 lọ. Láyé Soviet, ọmọdé ń tò nídìí táǹkì aláwọ̀ ìyeyè láti rà á lójú títì. Àbí ta ló ń pe omidùn orí ògì ní ẹmu?

Ọmọ Rọ́ṣíà ni akéwì Pyotr Vyazemsky. Òun ló dá ọ̀rọ̀ "ìfẹ́-ìlú oní-kvas" sílẹ̀ ní 1827, láti fi àwọn tó ń yin ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ tilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má bá wọn dá sí i. Ẹ pè é ní omi búrẹ́dì kíkan, kẹ́ ẹ sì mu ún ní tútù.