TA LÓ NI INÁ ỌMỌ́TỌ́ṢỌ̀Ọ́?

Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀, ilẹ̀ wa ni ilé iṣẹ́ iná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa níbí. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i. Waya gbé iná lọ sílé onílé. Àwa ńkọ́? Ó lé ní ọdún 10 gbáko tí ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé wa fi wà lókùnkùn!

Wọ́n á ní gílóòbù lásán la ń sunkún lé. Irọ́ ni o! Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò. Ọmọ ọlọ́rọ̀ l'Ékòó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti kékeré. Ọmọ abúlé wa ńkọ́? Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ ó wá ní olódo ni.

Ìyá elépo tí oníbàárà fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí, á kọ́kọ́ sanwó fún oníjẹnẹrétọ̀ kí fóònù rẹ̀ tó là. Owó-orí òkùnkùn rèé!

Bí wọ́n bá tún gbé ìrẹsì dé, ẹ má wo ìrẹsì. Ẹ bi wọ́n: ọjọ́ wo ni iná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ yóò dúró nílé wa? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò láìdáhùn.