Má Ṣe Dá Ọjọ́ fún Ọlọ́run

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá wọ ọkọ̀ ní Abúlé Adó, tí o dojú kọ ọ̀nà Bádágírì, ìwọ yóò rí bí ojú ti í kán àwọn èrò nígbà tí ọ̀nà bá dí. Awakọ̀ a fọn fèrè, èrò a pariwo, ṣùgbọ́n ariwo kì í ṣí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbàdúrà. A ń dá ọjọ́ méje fún Ọlọ́run. Bí ọjọ́ keje bá kọjá láìsí ìdáhùn, a ó wá ìjọ mìíràn lọ. Mo pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti rí ọmọ tí ó pa ìwé tì, tí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìdánwò. Nígbà tí ó kùnà, Ọlọ́run ni ó dá lẹ́bi. Mo sọ ọ́ láìfòyà: èyí kì í ṣe ìgbàgbọ́, òwò ni.

Ní òpin ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀kọ́ wa wà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Bádágírì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó gba Townsend tọwọ́tẹsẹ̀ ní 1843, ti kú. Ogun sì dí ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Ibẹ̀ ni ìyàwó Gollmer kú sí. Wọn kò ha gbàdúrà bí? Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò káwọ́ gbera. Wọ́n wàásù, wọ́n kọ́ ọmọ níwèé, wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí ó dúró títí di òní.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá rẹ̀ wá bá a. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọn kò ti rí ara wọn, láti ìgbà tí ogun ẹrú kó Òṣoògùn ní 1821. Bí ó bá ti dá ọjọ́ fún Ọlọ́run ní Bádágírì, ì bá ti padà sí Sàró kí ọ̀nà tó là.

Ẹnìkan yóò wí pé Crowther ṣoríire. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹrú ni ó kú sí ìdálẹ̀. Èmi kò ní fi irọ́ tù ọ́ nínú. Jésù pàápàá gbàdúrà nígbà mẹ́ta ní Gẹtisémánì pé kí ago náà ré òun kọjá, kò sì ré e kọjá. Ẹni tí ó bá ṣèlérí fún ọ pé ohun gbogbo yóò dé ní ọjọ́ tí o dá, ẹ̀tàn ni ó ń tà fún ọ. Iṣẹ́ sùúrù nínú àdúrà ni láti sọ ọ́ di ẹni tí ó lè gba ìdáhùn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ṣùgbọ́n má ṣe pe ọ̀lẹ ní sùúrù. Opó inú òwe Jésù kò jókòó sílé. Léraléra ni ó ń tọ onídàájọ́ lọ. Nítorí náà, gbàdúrà ní òwúrọ̀, kí o sì ṣí ìwé rẹ. Gbàdúrà fún ìyá rẹ tí ara rẹ̀ kò yá, kí o sì sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ìdáhùn bá pẹ́, má ṣe fi ìkúnlẹ̀ sílẹ̀, má sì ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àgbẹ̀ kì í hú ebu tí ó gbìn wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bí ó ti ta. Oko ni ó ń ro, tí ó sì ń retí òjò.